Ṣé kí n sanwó kọ́ọ̀sì bíìtì àbí kí n má san? Bí ẹ ṣe máa mọ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò kan pè mí láti Ọ̀mù-Àrán, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kówó jọ, 120,000 ni wọ́n ní kọ́ọ̀sì yẹn, tí Fráídè bá fi lè kọjá wọ́n á gbé e lọ sí 200,000, ṣé kí n san?" Mo ní má tíì san. Mo bi í pé bíìtì mélòó lo ti ṣe, ó ní á tó ogún. Mo ní èyí tó parí ńkọ́, tó níbẹ̀rẹ̀ tó lópin, tó o lè fi ránṣẹ́ séèyàn láì máa sọ fún un pé o ṣì ń bọ̀ wá fi nǹkan kún un? Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, kò tíì sí."

Òun nìkan kọ́ ló bi mí nírú ẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n bi mí níbí ní Tanke, nílùú Ìlọrin, wọ́n pè mí láti Ọ̀ffà, ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Orin tá à ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń sọ o, house, techno, amapiano, afrobeats tó jẹ́ pé inú láptọ́ọ̀pù ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Èmi náà ti sanwó tó ṣòfò, mo sì ti san kékeré kan tí mo ṣì ń jẹ èrè ẹ̀ dòní. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé ìmọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Etí lèèyàn ń sanwó fún, etí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó máa jókòó gbọ́ iṣẹ́ tiyín, táá fọwọ́ tọ́ka síbi tó ti wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò gbogbo owó tó máa lọ

Ẹ mú bírò. Kẹ́ẹ tó kọ owó kọ́ọ̀sì, ẹ kọ dátà. Fídíò tẹ́ẹ bá ń wò ní 720p lè jẹ tó GB kan ní wákàtí kan, ó tiẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ọ̀sì tó bá wá gùn tó wákàtí ogójì, 40GB nìyẹn, ẹ ò sì ní wo ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ máa padà síbi tí ò bá yé yín. Ẹ kọ owó epo jẹnẹrétọ̀ sí i, gbogbo wa la mọ ohun tí NEPA ń fojú wa rí. Tí kọ́ọ̀sì bá ní áàpù tó máa jẹ́ kẹ́ẹ wa ẹ̀kọ́ sórí fóònù kẹ́ẹ máa wò ó láìsí dátà, bíi ti Udemy àti Coursera, ìyẹn dín ìnáwó kù dáadáa, ẹ wà á lóru níbi tí Wi-Fi bá wà.

Ẹ tún wo owó tí wọ́n fi ń ta kọ́ọ̀sì yẹn. Tó bá jẹ́ dọ́là, ẹ rántí pé kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò tíì wọ 500 náírà ní báńkì, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti kọjá 1,500. Kọ́ọ̀sì 100 dọ́là tó jẹ́ pé owó tí ò tó 50,000 lẹ̀gbọ́n yín fi rà á, ọ̀kan náà ló ti lé ní 150,000 lọ́dún 2024. Kọ́ọ̀sì yẹn ò dáa sí i, kò gùn sí i, owó wa ló já. Torí náà tí ẹni tó ra tiẹ̀ lọ́dún 2021 bá ń sọ fún yín pé "ó worth ẹ̀ gan-an", òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ iye tó fi rà á kọ́ lẹ máa fi rà á.

Láptọ́ọ̀pù tí ò ní ju 4GB RAM lọ á máa dúró á máa gbọ̀n tẹ́ẹ bá ti kó synth (irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tó ń dá ohùn orin ṣe) mẹ́rin márùn-ún síbẹ̀, ọgbọ́n tí kọ́ọ̀sì bá kọ́ yín ò ní rí ibi ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, RAM tó tó 8GB àti SSD ló kọ́kọ́ yẹ kówó lọ sí, lẹ́yìn náà hẹ́dífóònù tó ní wáyà tí bass ẹ̀ ò pọ̀ jù, kẹ́ẹ tó wá ronú kọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé èèyàn ò fẹ́ràn kó máa gbọ́ irú èyí, torí kọ́ọ̀sì máa ń dà bí ẹni pé ìgbésí ayé ẹni ti fẹ́ yí padà, RAM ò dà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ parí bíìtì mẹ́wàá láì náwó kankan sórí ẹ̀kọ́

Ibí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó.

FL Studio, áàpù tí gbogbo wa fi ń ṣe bíìtì, àwọn Image-Line ní Belgium ló ṣe é, láti 1997 ló ti wà, FruityLoops ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Wọ́n ní èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ẹ lè wà lórí sáìtì wọn, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ẹ sì lè gbé orin yín jáde bíi WAV tàbí MP3, ohun kan ṣoṣo tó le níbẹ̀ ni pé tẹ́ẹ bá ti pa á, ẹ ò ní lè ṣí iṣẹ́ tẹ́ẹ tọ́jú padà àfi tẹ́ẹ bá rà á. Bí mo ṣe lò ó nìyí: mo máa rí i pé bátìrì kún, máa jókòó lẹ́ẹ̀kan náà bíi wákàtí mẹ́ta, kí n tó dìde màá ti gbé track kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi WAV, kick (ìlù ńlá tó ń dún gbì) lọ́tọ̀, bass lọ́tọ̀, synth lọ́tọ̀, lọ́jọ́ kejì màá kó wọn padà wọlé máa bá iṣẹ́ lọ. Ìnira ni lóòótọ́, àmọ́ ó kọ́ mi láti máa pinnu nǹkan, kí n má kàn máa yí knob kiri. Tí ìyẹn bá sú yín, LMMS wà, ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀, kò sí ìdínà kankan. Reaper á jẹ́ kẹ́ẹ dán an wò fún ọgọ́ta ọjọ́, 60 dọ́là ni wọ́n sì ń ta ti ẹni tí ò tíì máa rówó ńlá nídìí ẹ̀. Ẹni tí ò ní láptọ́ọ̀pù rárá, BandLab wà lórí fóònù.

Ẹ má lọ máa lo áàpù olówó tí wọ́n já (crack), tí wọ́n ń kó sórí flash káàkiri. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo ti rí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi kan tí kòkòrò (virus) tó bá a wọlé jẹ gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì, ọmọkùnrin yẹn sunkún lójú mi.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ableton, àwọn ará Berlin tó ṣe Live, áàpù orin míì, ní sáìtì kan tí wọ́n ń pè ní Learning Music, inú browser lẹ ti máa ṣe é, ẹ ò ní wa nǹkan kan sílẹ̀, ẹ máa fọwọ́ tẹ ìlù ẹ máa gbọ́ ọ, ó sì ń ṣàlàyé bí bass ṣe ń bá ìlù rìn. Wọ́n tún ní Learning Synths, ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ohùn synth ṣe ń wáyé. Fún FL, ẹ tẹ F1 nígbàkígbà, ìwé àlàyé wọn á ṣí, ó dá lórí ohun tẹ́ẹ tẹ̀ gan-an. Lórí YouTube, In The Mix ni mo máa ń ní káwọn èèyàn kọ́kọ́ wò, kì í pariwo, ó ń ṣàlàyé ìdí. Berklee, ilé ẹ̀kọ́ orin tó wà ní Boston, ní Introduction to Music Production lórí Coursera, tówó ẹ̀ bá wúwo, ẹ lè kọ̀wé sí Coursera fún ìrànwọ́ owó, ẹ kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa wá parí bíìtì? Ẹ mú orin kan tẹ́ẹ fẹ́ràn dénú, ẹ gbé e sínú project yín (fáìlì iṣẹ́ tẹ́ẹ ṣí nínú áàpù), ẹ wá BPM ẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ìlù ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní house ni, tó wà ní 120. Bar kan, ìyẹn ìlù mẹ́rin, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, bar mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, orin tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ti pín sí ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ní ibi kọ̀ọ̀kan: níbí kick nìkan ni, níbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, níbí bass jáde. Ẹ wá fi ohùn tiyín dípò, níbi tí tiẹ̀ bá ti wọlé ni kí tiyín wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ pa orin rẹ̀ rẹ́. Tẹ́ẹ bá ṣe èyí fún orin mẹ́ta, àìsàn pé bíìtì ń dúró lórí bar mẹ́jọ kì í lọ síbì kankan yẹn, á lọ. Èmi ò rí kọ́ọ̀sì olówó tó wo àìsàn yẹn sàn ju èyí lọ.

Ẹ má rò pé ohun ọ̀fẹ́ yìí kéré o. Log drum, ohùn bass tí gbogbo ayé ń jó sí nínú amapiano, inú Fruity DX10, synth kan tó bá FL Studio wá, làwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà ti fà á yọ, wọn ò ra nǹkan ọ̀tọ̀ kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi tó ń dùn yín

Tí mẹ́wàá bá ti pé, ẹ gbọ́ wọn tẹ̀léra wọn, nínú hẹ́dífóònù, nínú fóònù, nínú mọ́tò èèyàn tó bá gbà yín láyè. Ohun kan náà á máa yọ lẹ́nu nínú gbogbo wọn. Bóyá bass máa ń parẹ́ lórí fóònù, bóyá orin yín ò lókè kò nísàlẹ̀, bóyá ẹ mọ ìlù í tò àmọ́ chord (nóòtì mélòó kan tó ń dún pọ̀) ń dà yín rú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Gbólóhùn yẹn lẹ máa sanwó fún, tẹ́ẹ bá tiẹ̀ máa san.

Ẹni tí ò bá tíì ní gbólóhùn yẹn tó wá ń ra kọ́ọ̀sì "láti A dé Z", ó máa rà á pọ̀ mọ́ wákàtí ọgbọ̀n tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ kọ́ọ̀sì náà wò

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Ní 2022, mo san 85,000 fún kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A lé ní ọgọ́ta nínú gúrúùpù WhatsApp yẹn. Tíṣà á ṣí ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀, á ṣe bíìtì kan lójú wa, a ó máa wò, á parí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, knob yìí sí 40, knob yẹn sí 65. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo lè ṣe bíìtì tiẹ̀ bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, mi ò lè ṣe tèmi. Mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Owó oṣù mi ni mo fi san án, ó dùn mí gan-an, mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè mélòó kan ni mo máa ń ní kí wọ́n bi ẹni tó ń ta kọ́ọ̀sì kówó tó jáde. Ta ló máa gbọ́ iṣẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa gbọ́ ọ, ọjọ́ mélòó ló máa fi dá mi lóhùn? Tí wọ́n bá ní "ìtìlẹ́yìn wà nínú gúrúùpù", ìyẹn ò tíì dáhùn. Orin wo ni tíṣà fúnra ẹ̀ ti ṣe, níbo ni mo ti lè gbọ́ ọ? Ẹ má wo iye èèyàn tó ń tẹ̀lé e, ẹ gbọ́ orin, tí orin ẹ̀ ò bá wù yín, báwo ni tiyín ṣe fẹ́ wù yín lábẹ́ ẹ̀? Ṣé iṣẹ́ àṣetiléwá wà níbẹ̀, tó ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí? Ṣé ẹ̀kọ́ kan méjì wà tí mo lè wò lọ́fẹ̀ẹ́? Tí kò bá bá mi lára mu, ṣé owó ń padà? Udemy máa ń dá owó padà tẹ́ẹ bá béèrè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn fún kọ́ọ̀sì tẹ́ẹ rà lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n sì máa ń dín owó kọ́ọ̀sì kù léraléra débi pé kò sídìí kéèyàn ra á ní iye tó pọ̀ jù tó wà níbẹ̀. Syntorial tó ń kọ́ etí èèyàn láti mọ ohùn synth, apá àkọ́kọ́ ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ parí ìyẹn ná.

Èyí tó bá ní owó á gòkè lọ́jọ́ Fráídè, ẹ jẹ́ kí Fráídè kọjá. Èyí tó bá ní ẹ máa máa rí mílíọ̀nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ dìde níbẹ̀.

Ti sàtífíkéètì, kò sí olórin kan tó ti wọ sítúdíò wá tó ní kí n mú sàtífíkéètì wá rí. "Ẹ play èyí tẹ́ẹ ní" ni wọ́n máa ń sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi owó yẹn ra etí

Lẹ́yìn kíláàsì yẹn, mo lọ bá bọ̀dá kan tó ní sítúdíò ní ìgboro Ìlọrin níbí, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kẹ́ẹ bá mi ṣe bíìtì, mo fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ẹ bá mi wí. Ẹnu yà wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mú 5,000 wá fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n pa gbogbo track, kí n fi kick àti bass nìkan sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà? Mi ò gbọ́. Wọ́n ṣí EQ, irinṣẹ́ tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sílẹ̀, wọ́n fi hàn mí pé àwọn méjèèjì jókòó sápá ohùn ìsàlẹ̀ kan náà, 55 Hz, wọ́n ní ilé kan ni ọkùnrin méjì ń jà lé lórí yìí, jẹ́ kí ọ̀kan gbé ìsàlẹ̀ kí èkejì gbé òkè. Wọ́n gé bass díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wá so ó mọ́ kick, kó jẹ́ pé nígbàkígbà tí kick bá dún, bass á rẹlẹ̀ kó tó gbórí sókè padà. Ogún ìṣẹ́jú ni. Mo gbọ́ orin mi, ara mi bù máṣọ. Ohun tí mo ti wò nínú fídíò tó pọ̀ ni o, mo mọ orúkọ ẹ̀, mo mọ bọ́tìnnì ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ rí nínú iṣẹ́ tèmi.

Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ, 40,000. Kò tó ìdajì owó tí mo kọ́kọ́ san.

Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ wù yín nítòsí, ẹ má béèrè pé kó kọ́ yín ní bíìtì ṣíṣe, ẹ ní kó gbọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ gbé project fúnra ẹ̀ lọ, ẹ má gbé MP3 nìkan, torí ibi tí àṣìṣe wà kì í hàn nínú MP3. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta dání, ẹ má mú mẹ́wàá. Tó bá ti ṣe é lójú yín, ẹ ní kó dá a padà sí bó ṣe wà, kẹ́ẹ wá ṣe é níwájú ẹ̀. Tówó bá ṣì wúwo, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ lè dáwó jọ bí ìgbà téèyàn ń dá èésú, kí kálukú gbé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tiẹ̀ máa gbọ́ àṣìṣe ara yín, ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tó bá sì láyè lè lọ dúró tì wọ́n ní sítúdíò bí ọmọ iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, kó máa ká wáyà, kó máa jókòó lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń mix, ìyẹn tí wọ́n ń mú gbogbo ohùn orin bára mu.

Ẹni tó dáa kó ra kọ́ọ̀sì ńlá wà o, mi ò ní pa á mọ́. Ẹni tó ti ń rówó nídìí bíìtì tó kàn fẹ́ mọ mixing dáadáa, ẹni tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ò fún láyè láti máa ṣa fídíò kiri, ẹni tó ń gbé ibi tí kò ti sí sítúdíò kankan nítòsí. Irú wọn, tí ẹnì kan bá ṣáà máa gbọ́ iṣẹ́ wọn nínú ẹ̀, kí wọ́n san án.

Ohun kan tí kọ́ọ̀sì òkè òkun ò ní kọ́ yín

Ìlù tiwa. Gbogbo kọ́ọ̀sì òkè òkun tí mo rí, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kà á, kick lórí ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ìlà mẹ́rìndínlógún nínú channel rack, ojú ibi tí FL ti ń to ìlù. Ó dáa fún house. Àmọ́ ẹ gbé kóńkóló tí wọ́n ń lù níbi ìnáwó wá, ẹ gbìyànjú kẹ́ẹ tò ó sórí mẹ́rìndínlógún, ẹ máa rí i pé ó ń yẹsẹ̀, torí méjìlá ni tiẹ̀. Nínú piano roll FL, ibi tẹ́ẹ ti ń to nóòtì, ẹ yí snap (ìlà tí nóòtì ń jókòó lé) sí 1/3 beat, beat mẹ́rin á pín sí mẹ́ta mẹ́ta, ó di méjìlá, ìlù yẹn á jókòó wọ̀ọ̀. Ẹ jẹ́ kí kick ṣì máa lu mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀. Bí mẹ́rin àti méjìlá ṣe ń fa ara wọn yẹn ni ara fi máa ń fẹ́ jó.

Gángan náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù ní yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi tuner wo nóòtì tí ti àárín jẹ́, ẹ gbé e sí nóòtì ìpìlẹ̀ (key) orin yín, kí méjì tó kù tẹ̀lé e. Nígbà tí onílù bá fún okùn awọ yẹn tí ohùn sì gòkè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, slide note ni FL fi ń ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí piano roll bẹ́ẹ ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ìlú tí Odolaye Àrẹ̀mú ti kọ dàdàkúàdà la wà, ohùn wọ̀nyí yí wa ká, onílù tó wà ládùúgbò yín lè fún yín ní wákàtí kan fún owó tí ò tó owó dátà ọ̀sẹ̀ kan, ẹ san án fún un, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi ti Ọ̀mù-Àrán ti dé bíìtì kẹrin báyìí. Fráídè kọjá, 120,000 ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lánàá ló pè pé ìkẹta parí lóòótọ́ àmọ́ ohùn òkè gángan òun ń bá chord jà, mo ní kó wọ mọ́tò wá sí Ìlọrin ní Sátidé, kó gbé láptọ́ọ̀pù dání, kó má gbé MP3 wá.